Ẹ Ò Lè Yá Ẹnu Mi Lò: Ìdágbére fún Mu Fengzhi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ọ̀fọ̀ èèyàn gidi. Ẹ kú ẹsẹ̀ inú yìnyín.

Àga tí a yá pọ̀ ju èèyàn tó jókòó lọ. Kò burú. Wọ́n ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Àwa díẹ̀ tá a wà níbí, ẹkún wa tó í sun.

Ọ̀gá Xing ti ìgbìmọ̀ àdúgbò, mo rí yín lẹ́yìn níbẹ̀. Ẹ sún mọ́ ààrò, afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹn ò mọ ipò èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ, ojú yín ló ṣe. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọ́. Màá rọra sọ ọ́ kí ọwọ́ yín lè bá ẹnu mi.

Èmi ni Pang Xiuyun. Opó ni mí. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé èmi àti ilé tí a jókòó sí yìí. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rẹ kábéèjì síyọ̀ ni èmi àti Fengzhi ti pàdé nígbà tá a ṣì jẹ́ ọmọge, ọwọ́ wa a máa wà nínú omi iyọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Kí ẹ tó máa sunkún, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí irú ẹni tá a fẹ́ gbé jáde lọ́la. Fengzhi ò rọrùn o! Tó o bá sọ fún un pé yìnyín ń bọ́, á jáde lọ fọwọ́ kàn án kó tó gbà. Lọ́dún kan, bàtà rọ́bà wa ń jò, olùdarí ò dá wa lóhùn. Fengzhi wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, ó bọ́ bàtà, ó da omi inú rẹ̀ sórí tábìlì ọkùnrin náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ẹja ló kù." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo wa ti gba bàtà tuntun.

Luan Deshun lọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní àdúgbò yìí, òun ló ń da èédú sínú iná tó ń mú ilé gbogbo yín móoru. Ọ̀run ò fún wọn lọ́mọ. Ẹ̀yìn ń dun ọkùnrin náà, inú ń bí i, ọtí ọkà bàbà ló sì fi ń tọ́jú méjèèjì. Èmi tí mo wà lẹ́yìn ògiri, mo mọ ohun tí etí mi gbọ́.

Ó wá di ọdún kan, Deshun bẹ̀rẹ̀ sí í jí lọ sí etí odò láàárọ̀. Àwọn èèyàn ń péjọ síbẹ̀: tíṣà, awakọ̀, ìyá àgbà, ọmọ iléèwé. Wọ́n á dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á gbé apá sókè bí ẹni gbé igbá ńlá dání, wọ́n á di ojú. Falun Gong ni. Ẹ má wo ara yín lójú. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn, mo ti pè é. Nígbà yẹn kò séèwọ̀ níbẹ̀, àwọn kan nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí sì gbé apá sókè létí odò yẹn. Mo rí yín. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ ara wọn: òtítọ́, àánú, ìfaradà.

Fengzhi fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Deshun, o jọ aṣọ́komásùn tí ẹyẹ ò bẹ̀rù."

"Ìyàwó mi, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kọ́ wa nípa rẹ̀ ń yí nínú ikùn mi."

"Ebi ni. Wá jẹun."

Ṣùgbọ́n ọtí jáde nílé. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kan Fengzhi wá bá mi, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó jí nǹkan. Ó ní, "Xiuyun, mi ò gba nǹkan yẹn gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé ọkùnrin yẹn gbé omi gbígbóná wá lánàá, ó ní kí n jókòó, òun fẹ́ fọ ẹsẹ̀ mi?" Mo ní, "Kí lo wá sọ?" Ó ní, "Mo bi í pé kí ló fọ́ nínú ilé tí kò fẹ́ kí n mọ̀."

Kò gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kí Ọ̀gá Xing gbọ́ ọ dáadáa. Obìnrin tó wà nínú pósí yìí ò gbé apá sókè rí, kò ka ìwé wọn rí. Ó kàn jẹ́ ìyàwó ẹni tó ń ṣe é ni. Gbogbo ìyà tó jẹ, nítorí ìyẹn ló ṣe jẹ ẹ́.

Nígbà tó yá, ìjọba fòfin dè é. Ẹ rántí oṣù keje yẹn. Oòrùn mú, fèrèsé gbogbo wa ṣí sílẹ̀, ohùn kan náà ló ń jáde nínú tẹlifíṣọ̀n ilé gbogbo. Wọ́n kó ìwé wọn jọ sójú pápá, wọ́n dáná sun ún. Níbi iṣẹ́, wọ́n ń pe èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan: kọ ọ́ pé o ti jáwọ́, kọ ọ́ pé ẹ̀tàn ni, fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí i. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó lọ́mọ nílé ìwé, kí ló fẹ́ ṣe? Ó kan Deshun. Ó ní, "Ẹ̀yìn mi ń dùn mí tẹ́lẹ̀, kò dùn mí mọ́. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ pé irọ́ ni?" Ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó gba Beijing lọ láti lọ sọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an fún àwọn àgbà ìjọba, torí ó rò pé wọn ò mọ̀ ni. Àgọ́ iṣẹ́ àfipáṣe ló ti bọ̀.

Nígbà tó dé, eyín iwájú rẹ̀ ti lọ, apá òsì rẹ̀ ò ṣe é gbé kọjá èjìká. Fengzhi fi omi wẹ̀ ẹ́, ó bọ́ ọ, lẹ́yìn náà ló wá bá a jà. Mo gbọ́ ọ láti ìhà kejì ògiri. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ.

"Fọwọ́ sí ìwé náà, ìwọ ìbaaka yìí! Òtítọ́, o ń fi bá gbogbo ayé lò. Àánú, o ń ṣe é fún àwọn tó ń lù ọ́. Èmi dà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Mo gbé etí mọ́ ògiri. Mo wá gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, afẹ́fẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde nítorí eyín tí kò sí.

"Ìwọ lo wà nínú ìkẹta."

Ṣé ẹ mọ̀ pé obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín? Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì ń sọ ọ́ ní kànrìnkàn. Wọ́n ní bí a bá ń jà, bí i ti ká kú kọ́. Ìjà wọn nìyẹn. Ìjà ẹni tó fẹ́ kí ẹnì kejì òun pẹ́ láyé.

Wọ́n tún wá mú un. Wọ́n ní ó lẹ ìwé mọ́ ògiri afárá, ó kọ ohun tí wọ́n ṣe fún un sínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ti àgọ́ mọ́, ilé ẹjọ́ ni, ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni. Nígbà náà ni wọ́n pe Fengzhi sí ọ́fíìsì, àwọn ọkùnrin mélòó kan jókòó bí ẹni fẹ́ fẹ́ ìyàwó. Wọ́n ní kó kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó lè wà níbi iṣẹ́ tó rọrùn. Ó ní, "Láti ọdún tó ti fẹ́ mi ni mo ti fẹ́ kọ ọ́, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rùn. Ṣùgbọ́n èmi ni màá mú ọjọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin."

Wọ́n gbé e lọ síta, níbi tí wọ́n ti ń fọ ìkòkò. Ẹ mọ òtútù wa. Omi á dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ wú, ó pọ́n bíi kárọ́ọ̀tì, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ẹ wá wò ó tẹ́ ẹ bá fẹ́. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ká ọwọ́ náà lé àyà rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, òtútù ò pa Fengzhi tó ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá kí i, wọ́n á bi í pé kí ló bá a sọ. Ló bá di pé èèyàn ń gba ẹ̀yìn ilé lọ kí wọ́n má bàa pàdé rẹ̀. Ọjọ́ ọdún tuntun dé, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àwa náà sì di ejò, kálukú wọ ihò tirẹ̀. Èmi a máa wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe níbẹ̀, mo ní iyọ̀ ni mo lọ yá. Ọ̀gá Xing, ẹ ti gbọ́ ọ báyìí: iyọ̀ tí mo yá nílé yìí á tó sọ odò di òkun. Ṣùgbọ́n tí mo bá padà sílé mi, màá máa gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri, ó ń bá ààrò sọ̀rọ̀. Á ní, "Ṣé o ti yó? Ṣé kí n fi èédú kún un?" Á dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni ń gbọ́ èsì. Á wá ní, "Ó dáa, sùn nígbà náà."

Ṣé ẹ mọ ibi tó máa ń lọ tí kò bá sí níṣẹ́? Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí ìwé, wọn kì í jẹ́ kí ará ilé rẹ̀ rí i lẹ́wọ̀n. Fengzhi á gbé oúnjẹ débẹ̀, wọ́n á ní kó gbé e padà. Ló bá yí sẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, níbi oko ẹ̀wà sóyà. Á dúró de kí afẹ́fẹ́ yí sí ọ̀nà ibẹ̀, á wá pariwo. Mo bá a lọ rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di mí létí.

"Luan Deshun! Òrùlé ti ń jò o! Apá ibi tó o ní o tún ṣe ni!"

"Deshun! Ẹlẹ́dẹ̀ ará ìsàlẹ̀ wọ ọgbà wa, ó jẹ àlùbọ́sà tán!"

Wọ́dà kan yọrí lókè ògiri. "Ìyá, ẹ máa lọ sílé."

"Ilé ń jò ni mò ń sọ! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ọmọ náà sá orí rẹ̀ wọlé, mo rí i pé ẹ̀rín ló ń pa á.

Ọdún yí, ó ń lọ. Òjò, oòrùn, yìnyín, ó ń lọ. Ọmọ ìyá ẹnì kan fẹ́yàwó, á lọ sọ fún un. Wọ́n wó ilé-iná tí Deshun ti ń da èédú, á lọ sọ fún un. Èmi àti ẹ̀ gun orí òrùlé yìí lọ tún un ṣe, àwa arúgbó méjì, ó sì lọ sọ ìyẹn náà: "Deshun! A ti tún un ṣe! Xiuyun fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́, ìdí rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀!" Kò sẹ́ni tó dáhùn rí. Ògiri ni. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá apá ibẹ̀ ni wọ́n fi ọkọ rẹ̀ sí. Lọ́nà ilé, kì í sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ á ti tán síbẹ̀.

Àfi ìgbà tí ọkùnrin kan wá kan ilẹ̀kùn. Mo wà níbí. Olè ni, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ti ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán. Ó di fìlà mú lọ́wọ́, ó ní, "Ṣé ibí ni ilé ìyá tí òrùlé rẹ̀ ń jò?"

Èmi ni mo ní, "Ibí ni. Wọlé."

Ó ní, "Yàrá kan náà lèmi àti bàbá wà. A máa ń gbọ́ yín, ìyá. Gbogbo yàrá. Tí afẹ́fẹ́ bá ti yí, wọ́n á ní, 'Ẹ dákẹ́, ìròyìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.' Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ní ẹ ti tún òrùlé ṣe, a pàtẹ́wọ́. Wọ́n fìyà rẹ̀ jẹ wá, ṣùgbọ́n a pàtẹ́wọ́."

"Òun ńkọ́?" Fengzhi ló bi í. "Kí ló sọ?"

"Bàbá? Kì í sọ nǹkan kan. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á wá kọjú sí ògiri."

"Ṣé wọ́n ṣì ń lù ú?"

Ọkùnrin náà wo fìlà ọwọ́ rẹ̀. Fengzhi ò tún ìbéèrè náà bi. Ó dìde, ó fi ìyẹ̀fun di ẹran, ó se jiaozi, ó bu abọ́ kún, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹun, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń jẹun níbẹ̀.

Ẹ̀yìn náà ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dé. Kò lè pariwo mọ́. Kò lè rìn dé ibùdókọ̀ mọ́. Ó wà lórí ibùsùn bíríkì tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀ yìí, ó kọjú sí fèrèsé.

Ọ̀gá Xing, ẹ má dìde. Ẹ jókòó. Mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Ẹ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ gbé èso inú ìgò onísúgà wá fún un, ẹ bá a ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹ mú àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀wọ̀n méjì dání, ẹ sì gbé bébà àti bírò sí àyà rẹ̀. Ẹ ní, "Àǹtí Mu, ọ̀rọ̀ díẹ̀ náà ni. Ẹ sọ fún un pé kó fọwọ́ sí i. Ó máa gbọ́ tiyín. Kí yìnyín tó bọ́, á ti wà nílé pẹ̀lú yín." Mo dúró níbi ààrò. Inú mi dùn. Mo ní ó parí, torí kí ni obìnrin yìí ti ń pariwo láti ìgbà yìí wá? Fọwọ́ sí i, ìwọ ìbaaka.

Fengzhi wo bébà náà. Ó ní, "Tí mo bá kọ ọ́ tí kò sì fọwọ́ sí i ńkọ́?"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Á jẹ́ pé kò nífẹ̀ẹ́ yín nìyẹn, Àǹtí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ rántí. Ó ti bébà náà kúrò láyà, ó bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti sọ fún un pé kó fọwọ́ sí i títí ẹnu mi fi bó. Tèmi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìyàwó sọ́kọ ni. Ẹ ò lè yá ẹnu mi lò. Ẹ kú oore èso yìí, ẹ máa lọ sílé, ilẹ̀ ń yọ̀."

Nígbà tẹ́ ẹ lọ tán, inú bí mi. Mo ní, "Fengzhi, ṣé o ò fẹ́ rí i ni? O ń kú lọ, ìwọ obìnrin yìí!"

Ó ní, "Xiuyun, ó ń wù mí débi pé eyín ń dùn mí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi èmi tẹ̀ ẹ́ lórí ba, tó wọlé wá ní títẹ̀, ta ni màá máa bá jà?"

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo bu ẹ̀kọ àgbàdo fún un, kò jẹ ẹ́.

Ọ̀sán gangan ló kú, oòrùn wà lórí yìnyín, ó ń tàn wọlé. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí ọ̀rọ̀ ńlá, kò sí. Ó ní, "Òkúta orí ìkòkò kábéèjì ti yẹ̀. Lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á bàjẹ́." Mo na ọwọ́, mo tẹ òkúta náà mọ́lẹ̀. Mo ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́." Ó mi orí. Kò tún mí mọ́.

A ránṣẹ́ sí ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní Luan Deshun ò tíì yí padà, kò lè wá sìnkú. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ kú. Ẹni tó gbé fóònù gbé e kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, bá a ṣe jókòó yìí, opó ọkùnrin kan wà níbì kan tí kò mọ̀ pé òun ti di opó. Bóyá ó ń wo afẹ́fẹ́. Bóyá ó ń sọ fún àwọn yòókù pé ara obìnrin yẹn ò yá ni, á wá tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó tó. Ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ó yẹ ká fọ̀nà ọ̀run hàn án. Ẹ bá mi gbé àpótí ìjókòó yẹn sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gbé ọ̀pá yẹn fún mi.

Ẹ̀gbọ́n Mu, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń kùn. Ẹ̀yin ni ìbátan rẹ̀, ẹ ti abúlé wá, ẹ ṣeun. Ẹ ní ọmọkùnrin ló ń fọ̀nà han òkú, obìnrin kì í gorí àpótí, àjèjì kì í pe òkú olókùú. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ dárúkọ ọmọkùnrin náà kí n gbé ọ̀pá fún un. Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹsẹ̀ yín á gbé yín gorí rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó kù náà ló ń ṣe ohun tó kù.

Àpótí yìí ń mì. Ta ló ń bọ̀ yẹn? Ìyá Shan. Ìyá Shan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò bá Fengzhi sọ̀rọ̀ láti ọdún tí wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀. Ẹ má wo Ọ̀gá Xing. Ẹ má sọ nǹkan kan, ẹkún yín ti sọ ọ́. Ẹ bá mi di ẹsẹ̀ àpótí mú. Ẹ dì í dáadáa.

Mu Fengzhi o! Èmi Xiuyun ni mò ń pè ọ́! Wo ibi tí ọ̀pá mi kọjú sí, àárín ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù. Ọ̀nà gbòòrò ni. Má gba ẹ̀gbẹ́, má gba ẹ̀yìn ilé ẹnikẹ́ni, àárín títì ni kó o gbà. Bí ó bá rẹ̀ ọ́, jókòó. Bí òǹgbẹ bá gbẹ ọ́, bu omi, omi ibẹ̀ kì í dì. Ohun tí wọ́n bá gbé fún ọ, tẹ́wọ́ gbà á, fi ọwọ́ rẹ tó wú yìí gbà á, má fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Kò sẹ́ni tó bá ọ lọ, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ nìkan ni. O ti mọ̀ ọ́n rìn. Máa lọ. Máa lọ, má wẹ̀yìn. Ẹni tó o bá pàdé lójú ọ̀nà yẹn, kí i. Á dá ọ lóhùn.